Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ Kétu tó fẹ́ rà

Àjàṣẹ́,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kútọnu? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí o ti pè mí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Kétu yẹn ò ti jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè ọ́ padà, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní í sọ pọ̀ ju ti orí fóònù lọ, mo sì fẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ kí o lè máa tún un kà.

O ní ọmọkùnrin kan ní lọ́ọ̀tù mẹ́ta tó fẹ́ tà, lẹ́bàá ọ̀nà, nítòsí yunifásítì àgbẹ̀. O ní owó rẹ̀ ò pọ̀. O tún ní ó sọ pé bí o kò bá san ìdajì kí oṣù yìí tó parí, ẹlòmíràn á gbà á. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló já mi láyà. Ilẹ̀ kì í sá lọ, ọmọ mi. Ẹni tó bá ń lé ọ kí o yára sanwó, ó mọ ohun tí o máa rí bí o bá fara balẹ̀.

O ṣì kéré nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ti apá Ouando ṣẹlẹ̀, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín rí. Owó àjọ tí mo dá fún ọdún méjì ni mo fi rà á. Ẹni tó tà á mú èmi àti bàbá yín débẹ̀, ó nawọ́ láti ìdí ọ̀pẹ kan dé ìdí ọ̀pẹ kejì, ó ní ibi tó mọ nìyẹn. A tẹ ìka sí ìwé convention, ìyẹn ìwé àdéhùn títà ilẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì tẹ ìka tiwọn, tàdáwà yẹn ò kúrò ní àtàǹpàkò mi títí di ọjọ́ kejì. Mo ká ìwé náà sínú agolo mílíìkì, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn, ọkàn mi balẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà ni lotissement, ìyẹn pípín ilẹ̀ sí lọ́ọ̀tù àti lílà ọ̀nà, dé àdúgbò yẹn. Lọ́jọ́ tí àwọn awọnlẹ̀ ń ri bọ́ọ̀nù ààlà mọ́lẹ̀, àwa mẹ́ta la pàdé lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, kálukú pẹ̀lú convention tirẹ̀. Ẹnì kan náà ló tà á fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti bàbá wọn ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì ò sì gbọ́ nípa títà rẹ̀ rárá. A lọ sílé ẹjọ́, a bọ̀, owó tán, ilẹ̀ ò wá sọ́wọ́. Agolo yẹn ṣì wà níbí. Mo ṣí i lánàá kí n tó mú bírò. Ìtẹ̀ka mi ṣì hàn kedere lórí ìwé náà.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ohun tí convention ń sọ kò ju pé ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ mi. Kò sọ pé ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ kó tó gba owó. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè wa, Benin, ní 2013, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2017, ti là á pé titre foncier, TF tí gbogbo ènìyàn ń pè é, ni ẹ̀rí pé ènìyàn ló ni ilẹ̀. Convention, ìwé recasement tí wọ́n ń fún ẹni tí lotissement gbé lọ sí ibòmíràn, ìwé ADC tí wọ́n ń gbà lórí ilẹ̀ ìdílé, ọ̀nà tó lọ sí TF ni wọ́n, wọn kì í ṣe TF. Ọ́fíìsì ANDF, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀, ló ń fúnni ní TF. Ilẹ̀ tó bá sì ti ní TF, iwájú notaire, lọ́yà tó ń ṣe ìwé títà, ni a gbọ́dọ̀ ti tà á. Bí ọmọkùnrin yẹn bá sọ pé TF wà, gba nọ́ńbà rẹ̀, kí o gbé e lọ sí ANDF fúnra rẹ. Má rán an níṣẹ́, má sì gba fọ́tò tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí ìwé. Bí TF ò bá sí, a ṣì lè bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí i, nítorí ìwọ ni wàhálà gbígba TF máa já lé lórí.

Kétu kì í ṣe Kútọnu. Ìlú tí Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà ìlú àtijọ́, ṣì dúró sí dòní, ìlú tí àwọn àgbà ṣì mọ ìdílé tó kọ́kọ́ fi àdá lu igbó níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ibẹ̀ ò lè ṣàì ní ẹni tó ni ín. Ilẹ̀ ìdílé ló sì pọ̀ jù, ẹnì kan kì í dá a tà. Bi ọmọkùnrin yẹn léèrè: ta ni olórí ẹbí yín? Ọmọ mélòó ni bàbá yín bí? Àwọn tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn ńkọ́, ṣé wọ́n gbọ́? Ẹni tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n rán an, kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Ó máa mú ọ lọ sílé, wọ́n máa fún ọ ní àga, wọ́n máa fún ọ lómi mu.

Má sì gbàgbé àwọn obìnrin ilé náà. Àwọn ọkùnrin máa ń sọ pé obìnrin ò jogún ilẹ̀, àwọn obìnrin náà á sì dákẹ́. Òfin ìdílé tó jáde ní 2004 ti fún ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin nínú ogún òbí wọn. Bí wọ́n bá yọ obìnrin kan sílẹ̀ lónìí, ọmọ rẹ̀ lè gbé ọ dé kóòtù lọ́jọ́ iwájú, ẹjọ́ rẹ̀ sì lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Yàtọ̀ sí ti òfin, n kò fẹ́ kí o kọ́lé sórí ẹkún obìnrin bíi tìrẹ. Jẹ́ kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí orúkọ wọn wà nínú ìwé.

Lẹ́yìn náà, wá awọnlẹ̀ tìrẹ, kì í ṣe tiwọn. Kó wọn ilẹ̀ náà, kí o gbé ìwọ̀n yẹn dé ọ̀dọ̀ ANDF àti kọ́mìnù, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, láti mọ̀ bóyá kò bọ́ sórí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà tàbí ilé ìwé. Bí lotissement ò bá tíì dé ibẹ̀, mọ̀ dájú pé nígbà tó bá dé, wọ́n máa gé lára rẹ̀ fún ọ̀nà, wọ́n sì lè gbé ọ kúrò lọ sí ibòmíràn. Nítorí náà, má kọ́ ilé ńlá sórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì là. Ọ̀rọ̀ “lọ́ọ̀tù” náà kì í ṣe ìwọ̀n. Kàǹtí tí àwọn bàbá wa mọ̀, mítà onígun mẹ́rin 400 ni, ṣùgbọ́n lọ́ọ̀tù ẹni tó ń tà lè kéré tàbí kó tóbi bó bá ṣe wù ú. Iye mítà onígun mẹ́rin ni kí wọ́n kọ sínú ìwé. Kí o sì lọ wo ibẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá kan. Ilẹ̀ tó bá mu omi òjò tán ní wákàtí kan, inú mi á dùn sí i.

Ó tún ku ilé tí o fẹ́ kọ́ sórí rẹ̀. Èrò rẹ pé àwọn ọmọ UNA, yunifásítì àgbẹ̀ náà, ló máa yá a, ó dára, nítorí yunifásítì yẹn ló ń kó àlejò wá sí Kétu. Ṣùgbọ́n bí ọlidé bá dé, wọ́n á kó ẹrù wọn lọ. Má fi oṣù méjìlá ṣe ìṣirò owó ilé, fi mẹ́sàn-án ṣe é. Bí mẹ́sàn-án bá tó san gbèsè rẹ, a jẹ́ pé ó dáa. Wá tíṣà, wá nọ́ọ̀sì, wá oníṣòwò kún wọn. Ohun tí mo rí ní Tokpota ló ń mú mi sọ ọ́. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019, tí kò ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020, mẹ́rin nínú ayálégbé mi mẹ́fà ló ń jẹun lára kpayo, epo tí wọ́n ń kó wọlé láti Nàìjíríà, àti ọjà Ìgólò lẹ́bàá ẹnubodè. Bàbá kan tó ti ń san déédéé láti ọdún mẹ́fà ń yọjú sí mi lálẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méjì sẹfà, kò lè wò mí lójú. Mi ò lé e. Ṣùgbọ́n oṣù yẹn, mi ò rí owó ilé ìwé àbúrò rẹ san. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní Nàìjíríà ní 2023, ó tún ṣẹlẹ̀. Gbogbo yàrá mi wà lórí òwò kan ṣoṣo, àṣìṣe mi nìyẹn.

O ní o fẹ́ gba owó ọdún kan lọ́wọ́ àwọn tó máa kọ́kọ́ wọlé, kí o fi parí òrùlé. Má ṣe é. Òfin ilé yíyá tó jáde ní 2018 ò gbà kí onílé béèrè ju owó oṣù mẹ́ta lọ ní àsansílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn onílé kan ṣì ń gba mẹ́fà, wọ́n ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ mi. Ẹni tí kò tíì lówó òrùlé, kó dúró. Kọ ìwé àdéhùn fún yàrá kọ̀ọ̀kan, kí o sì fún wọn ní rìsíìtì ní gbogbo oṣù, títí kan ẹni tí o fẹ́ràn. Fi ẹ̀rọ tó ń ka iná sí yàrá kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti rí obìnrin méjì tí wọ́n ya aṣọ mọ́ra wọn lọ́rùn níwájú ilé mi nítorí áyọ́ọ̀nù ẹnì kan àti bílì iná SBEE kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan ò bá sì san, má yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, má ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Kọ̀wé sí i, lẹ́yìn náà gba ọ̀dọ̀ adájọ́ lọ. Owó orí ilé, TFU, san án lásìkò, kí o tọ́jú ìwé rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí n kò sọ lórí fóònù nítorí ọkọ rẹ wà nítòsí rẹ, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Owó yìí, ìwọ lo kó o jọ láti ìgbà tí o ti ń rán aṣọ. Kí orúkọ rẹ wà lórí TF. Bí ẹ bá jọ fowó sí i, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ ènìyàn dáadáa, á yé wọn, ṣáà bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó dé iwájú notaire, má jẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ máa lọ sí Kétu. A máa sọ̀ ní ọjà, a máa béèrè ilé olórí ẹbí náà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ pé a fẹ́ ra ilẹ̀. Fi orúkọ bàbá ọmọkùnrin yẹn ránṣẹ́ sí mi ṣáájú Ọjọ́bọ̀. Má fún un ní sẹfà kankan, ì báà ṣe ti mọ́tò, títí mo fi máa pè ọ́ láti ibẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.