Ẹ má ya àwọn ọmọ adití sọ́tọ̀ ní káńpù tébù tẹ́nìsì wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn tó ń ṣètò káńpù tébù tẹ́nìsì táwọn ọmọ máa ń lọ nígbà ọlidé gígùn níbí ní Ọ̀yọ́ fẹ́ yọ àwọn ọmọ adití kúrò láàárín àwọn yòókù lọ́dún yìí. Wọ́n ní àwọn máa fún wọn ní ọ̀sẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀, pé owó ẹni tó máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn ti pọ̀ jù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mo mọ̀ pé owó ò sí nílùú, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún 1988 lèmi náà lọ irú káńpù báyìí. Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la sùn sí, ẹní la tẹ́ sílẹ̀, tébù gidi ò ju méjì lọ, ẹ̀kẹta jẹ́ pákó tí káfíńtà kàn pọ̀, a to búlọ́ọ̀kù méjì sórí ẹ̀ a fi igi gbọọrọ lé e, nẹ́ẹ̀tì ti dé nìyẹn. Ìgbà yẹn pọ́ìntì 21 là ń gbá, èèyàn á sáàfù (ìyẹn ni pé òun lá kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù) lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó kan ẹnìkejì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà ń'bẹ̀ tí mi ò fẹ́ rí sójú rárá, torí ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá ti jẹ mí. Òun gan-an ni kóòṣì ní ká jọ máa lo báàtì kan, báàtì ọ̀hún pàápàá, rọ́bà ojú ẹ̀ kan ti ń ṣí.

A fẹsẹ̀ rìn lọ bá fọkanáísà kan ní Owódé pé kó ta wá lọ́rẹ sólúṣọ̀n díẹ̀. Bàbá yẹn ní àfi ká gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun ná, a gbá a. A lẹ rọ́bà náà tán, kò sóhun wúwo tá a lè gbé lé e kó lè mú dáadáa, ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí bá jókòó lé e. Wọ́n pe oúnjẹ alẹ́, kò dìde. Èmi ni mo lọ gbé àmàlà ẹ̀ wá bá a níbi tó jókòó sí, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní kí n bá òun wá ẹ̀kọ mu, ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé kò sírọ́ nínú oríkì wọn, Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. A rẹ́rìn-ín títí. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn la ti dọ̀rẹ́, a ò sì jà rí.

Lọ́dún 2016 wọ́n gbé màmá mi lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ 19 la lò ń'bẹ̀. Ọjọ́ 19 yẹn ni ìyàwó ọ̀rẹ́ mi fi ń gbé abọ́ oúnjẹ wá láàárọ̀ lálẹ́, kò jẹ́ ká ra jíjẹ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí màmá kú, ọ̀rẹ́ mi fúnra ẹ̀ ló wakọ̀ gbé wa padà sí Ọ̀yọ́ lóru, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ ìyà ẹ̀ yẹn, kò sì padà sílé títí a fi sìnkú tán. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́ sí wa. Kí ni mo fẹ́ sọ, báàtì kan la jọ lò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọmọ mi obìnrin lọ sí káńpù ọ̀hún léṣìí, ọmọ ọdún méjìlá. Ọjọ́ kejì ló pè mí pé wọ́n fi òun àti ọmọ adití kan ṣe pọ̀ nínú dọ́bùsì, eré tí ẹni méjì máa ń bá ẹni méjì gbá. Mo jẹ́wọ́ fún yín o, inú mi ò dùn. Mo wakọ̀ lọ bá kóòṣì pé kó bá mi pààrọ̀ ẹ̀, pé báwo làwọn méjèèjì ṣe fẹ́ gbọ́ra wọn yé. Kóòṣì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀." Ó ní ṣé mi ò tíì wo àwọn ọ̀gá tó ń gbá dọ́bùsì lórí tẹlifíṣàn ni, pé kí wọ́n tó sáàfù wọ́n á ki ọwọ́ sábẹ́ tébù, ìka ni wọ́n fi ń sọ irú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ fún ẹnìkejì wọn káwọn tó wà lódìkejì má bàa mọ̀. Ó ní, "Ta ló wá mọ ọwọ́ sọ ju ọmọ yìí lọ?"

Mo dákẹ́. Mo jókòó wò wọ́n. Pọ́ìntì 11 ni wọ́n ń gbá báyìí látọdún 2001, sáàfù méjì-méjì, kí n tó mọ ibi tí wọ́n kà dé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí séètì kan. Ọmọ mi á ka iye fún un lórí ìka, tí bọ́ọ̀lù bá kan nẹ́ẹ̀tì níbi sáàfù tí réfírì ké lẹ́ẹ̀tì, pé kí wọ́n tún sáàfù náà gbá, á yáa nawọ́ sókè kó lè rí i. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mi ò mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó àfìgbà tí mo rí àwọn ọmọ méjèèjì yìí.

Èyí tó wá pa mí lẹ́nu mọ́ ni ohun tí ọmọ mi sọ nígbà tó délé. Ó ní alẹ́ ọjọ́ kan NEPA mú iná, jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́, gbogbo ọmọ yòókù ń sọ̀rọ̀ lọ nínú òkùnkùn, òun bá rí i pé ọ̀rọ̀ ti dá mọ́ ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́, kò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ló bá lọ yá tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ, ó tàn án sí ọwọ́ ara wọn, tí èyí bá fẹ́ sọ̀rọ̀ èkejì á bá a di tọ́ọ̀ṣì mú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí bátìrì fi kú. Títí dòní, fídíò ni wọ́n fi ń pe ara wọn lórí WhatsApp, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́, ọmọ mi á máa rẹ́rìn-ín lóun nìkan ní pálọ̀, ìyá ẹ̀ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kí èèyàn.

Ṣé ohun tá a fẹ́ fi owó olùtumọ̀ dí lọ́nà nìyí? Nílùú Ọ̀yọ́ yìí! Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn tó máa di tíṣà ọmọ adití àti afọ́jú, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, wà láàárín wa níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ èdè ọwọ́ ń wọ ọ̀kadà pẹ̀lú wa lójoojúmọ́, a wá ń sọ pé a ò rówó túmọ̀. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ná.

Àwọn òbí kan á ní summer lesson ló yẹ ọmọ, kì í ṣe eré. Kò burú, lesson ò ní sá lọ. Àwọn míì sì ń retí kí ọmọ wọn dà bí Aruna Quadri tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ níbí, tó dé kọ́tà-fáínà World Cup tébù tẹ́nìsì lọ́dún 2014. Èmi náà ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọmọ tó ń lọ káńpù, mélòó ló máa dé'bẹ̀? Ọ̀rẹ́ ni ìyókù máa mú bọ̀ wálé.

Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi ará Ògbómọ̀ṣọ́ sọ ọ́, ó ní òun máa gbé tébù kan wá. Èmi máa san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó lè túmọ̀, fún gbogbo ọjọ́ tí káńpù máa fi wà. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, kó lọ rí kóòṣì lálẹ́ Sátidé níbi táwọn ọmọ ti ń gbá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùṣètò, ẹ tètè fún wa lésì, torí ọmọ mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí bóyá ẹnìkejì òun ń bọ̀, mi ò tíì rí èsì fún un.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan láti Ìṣokùn, Ọ̀yọ́