Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, kó tó kó sáńpù jọ

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ara wa le nílé. Ìyá rẹ ní kí n bá òun gbàdúrà fún ọ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ tí o ti pè pé wọ́n gbà ọ́ fún PhD ní Ifẹ̀, pé eruku ọyẹ́ ni o fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, orí mi ń wú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí o sọ gbẹ̀yìn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. O ní o fẹ́ kó eruku náà jọ tán ná, kí o tó lọ yọjú síbi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ Pelletron tó wà ní CERD, ibùdó ìwádìí nípa agbára nínú ọgbà yín, kì í ṣe ohun tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan lè dá rà. Fóòtì iná rẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.7. Ó ń fi eré burúkú ju prótọ́ọ̀nù, àwọn èérún tíntìntín tó wà nínú átọ́ọ̀mù, lu eruku tó wà lórí bébà asẹ́ tí o fi gbà á, gbogbo ohun tó bá wà nínú eruku náà, irin ni o, òjé ni o, kálísíọ́ọ̀mù ni o, á sì dá X-ray tirẹ̀ padà, bí ìlù kọ̀ọ̀kan ṣe ní ohùn tirẹ̀. Wàyí o, bébà asẹ́ fúnra rẹ̀ náà ń fọhùn. Bí o bá lọ fi asẹ́ tí wọ́n fi òwú gíláàsì ṣe gba eruku, ohun tó wà nínú gíláàsì ni yóò bo eruku rẹ mọ́lẹ̀. Ọyẹ́ á ti lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ìbá ti sọ fún ọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún irú asẹ́ tó yẹ, bí eruku orí rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ tó, àti iye asẹ́ òfìfo tí o gbọ́dọ̀ mú dání kí wọ́n lè fi wéra. Béèrè iye owó náà pẹ̀lú. Béèrè ìgbà tí iná kì í sáábà lọ.

Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì ọ́. O rò pé wọn yóò ní o ò tíì mọ nǹkan kan. Ojú ti èmi náà rí.

Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ṣẹ́ ní láàbù kan. Wọ́n ní kí n lo sẹntrífúùjì, ẹ̀rọ tí ń fi òòyì ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àyè mẹ́fà ló ní, igo márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi. Mi ò béèrè. Mo fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo, mo pa ìdérí dé, mo tan án. Kò pẹ́ tí tábìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ẹ̀rọ ń dún bí ẹni ń fi ọmọ odó lu irin. Bàbá tẹknọ́lọ́jíìsì, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ láàbù, sáré wọlé, wọ́n pa iná. Wọn ò bú mi. Wọ́n bu omi sínú igo kẹfà, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n ń kán omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú èyí tó kọjú sí i. Wọ́n ní, “Omi lásán ni, ọmọ mi. O ò bá ti bi mí.”

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Oṣù méjì gbáko kó tó ṣiṣẹ́ padà. Obìnrin kan wà tó ń kọ tíísìsì lọ́wọ́, ojoojúmọ́ ló ń wá wò ó bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Mi ò lè sọ fún un pé èmi ni. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Nítorí náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, fi orúkọ rẹ sí i, kí o sì sọ fún wọn lẹ́nu. Bí o bá ti gba wákàtí méjì lórí ẹ̀rọ tí o ò sì lè wá mọ́, fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ń dúró lẹ́yìn rẹ lè má ní ọjọ́ mìíràn.

Àwọn tẹknọ́lọ́jíìsì ńkọ́? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Wọ́n lè má ní PhD tí ìwọ ń wá, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà tí sáńpù fi ń bàjẹ́ ni ojú wọn ti rí. Kí wọn kí o tó béèrè ohunkóhun. Nígbà tí o bá ń kọ ìdúpẹ́ sínú iṣẹ́ rẹ, dárúkọ wọn ní kíkún. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ orúkọ ẹ̀rọ tí kò kọ ti ẹni tó tò ó.

Àwọn ará láìbìrì Hezekiah Oluwasanmi náà, má fi wọ́n ṣe ẹni tí ń gbé ìwé sórí pẹpẹ lásán. Jókòó ti ọ̀kan nínú wọn, sọ ohun tí o ń wá. Kí o sì wá ẹni tó gbọ́ ìṣirò nísinsìnyí, kó bá ọ wo iye sáńpù tó yẹ kí o gbà. Bí o bá fi í di ìgbà tí o bá ti gbà wọ́n tán, kò sí ohun tó lè bá ọ ṣe mọ́.

Lọ sí CERD lọ́jọ́ Ajé. Tètè lọ, kí iṣẹ́ tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Mú asẹ́ kan dání nínú àpòòwé, kí wọ́n rí i. Kí o pè mí lálẹ́, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ