Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, tó sá pamọ́ sẹ́yìn táńkì

Àdùkẹ́ mi,

Dádì ẹ pè mí lálẹ́ àná. Ó ní gbogbo ilé tú síta nírọ̀lẹ́, wọ́n ń pariwo orúkọ ẹ káàkiri Ìlódè, wọ́n tiẹ̀ ti ń yọjú wo kànga, àṣé ẹ̀yìn táńkì omi lo wà, ìwọ àtàwọn ìdérí ìgò tó o tò sílẹ̀ bíi bọ́tìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní kí n bá ẹ wí. Ìbáwí ọ̀hún ló ń bọ̀ yìí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án bíi tìẹ, òkè àjà ilé Màmá Àgbà ni tèmi. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó apẹ̀rẹ̀ obì sí. Páànù ilé yẹn ti gbó, ihò ìṣó pọ̀ lára ẹ̀. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, ìmọ́lẹ̀ á máa gba ibẹ̀ wọlé tín-ín-tín, á bà sórí pákó, á bà sórí ẹsẹ̀ mi. Ìràwọ̀ ni mò ń pè wọ́n. Mo ti kà wọ́n dé mọ́kànlélógójì rí kí oòrùn tó yẹ̀. Màmá ti sọ fún wa pé ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà fi rọ̀ láti ọ̀run sí Òkè Ọ̀rà. Mo bi wọ́n pé ta ló wá di ẹ̀wọ̀n ọ̀hún mú lókè. Wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́. Mo bá gun àjà lọ, mo lọ wá a fúnra mi.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀. Lóṣù keje ọdún 1969, nígbà tí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ń rìn lórí òṣùpá, Michael Collins, ẹnì kẹta wọn, ló ṣẹ́kù sínú ọkọ̀ tó ń yí òṣùpá po. Nígbàkigbà tó bá ti gba ẹ̀yìn òṣùpá kọjá, rédíò á kú. Fún bí ìṣẹ́jú 48, kò gbóhùn ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò gbóhùn ẹ̀. Àwọn èèyàn ń káàánú ẹ̀. Òun ní inú òun dùn níbẹ̀, pé òun tiẹ̀ ní kọfí gbígbóná. Ẹ̀yìn táńkì tiẹ̀ nìyẹn.

Kí n tún fẹjọ́ kan sùn ẹ́. Lọ́dún 1977, àwọn ará Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní Voyager lọ sójú sánmà, wọ́n sì fi àwo orin tí wọ́n fi wúrà bò sára wọn, tí ìkíni wà nínú ẹ̀ ní èdè 55. Yorùbá ò sí níbẹ̀! Àwa tá à ń kí ẹni tó ń dirun, tá à ń kí ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀. Kò sóhun tọ́wọ́ èèyàn ṣe tó jìnnà tó Voyager 1 báyìí, kò sì sẹ́ni tó kí i kú ìrìn. Tó o bá padà sẹ́yìn táńkì, bá wa kí i.

Ìbáwí ló kù. Tí Collins bá ti yọ lẹ́yìn òṣùpá, ó máa ń dá wọn lóhùn. Tí wọ́n bá pè ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ pé o ò tíì dé. Lẹ́ẹ̀kejì, jọ̀ọ́, jẹ́ wọn. Mo ti bẹ dádì ẹ kó má da àwọn ìdérí yẹn nù.

Èmi ni,
Àǹtí ẹ ní Iléṣà