Àkànbí, nípa kẹ̀kẹ́ tí o rà

Lọ́ńdọ̀nù,
Oṣù Kẹwàá.

Àkànbí ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Leith ní Edinburgh yẹn, o kú ìwé kíkà. Mo rí fọ́tò kẹ̀kẹ́ náà, ó wù mí gan-an. Agogo tí o so mọ́ ọwọ́ rẹ̀ rán mi létí kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá yín, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ sábẹ́ fọ́tò náà ni kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀. O ní ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù ni kí ọkọ̀ má lọ ti ẹ̀yìn wá gbá ọ, àti pé nítorí rẹ̀, o máa fara mọ́ etí títì típẹ́típẹ́. Èsì rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo lè kọ sórí WhatsApp lọ. O mọ̀ pé mo máa ń bá wọn kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Sátidé ládùúgbò wa níbí. Àwọn ọmọ ilé pọ̀ nínú wọn, ìbẹ̀rù yẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń bá wá.

Mo mọ ibi tí a ti kọ́ ọ. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bí a bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀, inú koríko là ń yà sí. Ó bọ́gbọ́n mu níbẹ̀, torí tírélà tó ń ti Ìlọrin bọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nínú ìgboro bíi Edinburgh, ẹ̀yìn kọ́ ni jàǹbá kẹ̀kẹ́ ti sábà ń wá. Iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá, oríta ló sì ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ etí títì, ibẹ̀ gan-an ló ti wọ inú ewu.

Wo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ná. Wọ́n páàkì àwọn mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ìwọ ń gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnì kan ṣàdédé ṣílẹ̀kùn. Kò sí àyè láti tẹ bíréèkì. Bí o kò bá forí sọ ilẹ̀kùn náà, o máa yà bàrà sí àárín ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Obìnrin kan nínú àwọn tí a jọ ń kọ́ ṣubú báyìí lọ́dún tó kọjá, egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Kò sáré rárá o. Ó kàn sún mọ́ àwọn mọ́tò náà jù ni. Highway Code, ìwé òfin ojú pópó wọn tí wọ́n tún ṣe ní January 2022, sọ pé kí oníkẹ̀kẹ́ fi àyè tó tó ìbú ilẹ̀kùn, tàbí mítà kan, sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti ọkọ̀ tí wọ́n páàkì. Ó sọ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà pé kí wọ́n máa fi ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i, torí bí o bá nawọ́ báyẹn, gbogbo ara rẹ ló máa yí, ojú rẹ á sì bọ́ sí ẹ̀yìn. Ìwọ náà máa ṣe é nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá fi mọ́tò gbé ọ.

Ti lọ́rì ló ń dùn mí jù, òun ni mo sì fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. O dé ibi iná tíráfíìkì, lọ́rì ńlá kan ti dúró síwájú rẹ. Àyè kékeré kan wà láàárín rẹ̀ àti etí títì lápá òsì, o sì rò pé o lè gba ibẹ̀ yọ sí iwájú. Àkànbí, má ṣe gba ibẹ̀. Apá ọ̀tún lókè lọ́hùn-ún ni awakọ̀ jókòó sí ní ìlú yìí, ẹni tó bá sì wà nísàlẹ̀ lápá òsì lè má hàn sí i rárá, bó ti wù kó wo dígí tó. Bí ó bá fẹ́ yà sí òsì, torí pé ọkọ̀ náà gùn, ó máa kọ́kọ́ fà sí ọ̀tún díẹ̀. Àyè tí o rí á wá fẹ̀ sí i, bí ẹni pé wọ́n ń yà fún ọ. Lẹ́yìn náà ni iwájú lọ́rì á yí sí òsì, táyà ẹ̀yìn kì í sì í tẹ ibi tí táyà iwájú tẹ̀. Ó máa ń gé oríta kúrú, ó máa ń sún mọ́ etí títì títí àyè á fi tán pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ti lọ báyìí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe òfin pé láti oṣù Kẹta ọdún 2021, lọ́rì tó bá ti ju tọ́ọ̀nù 12 lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó wọ ìlú. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń wọn bí awakọ̀ ṣe lè fojú ara rẹ̀ ríta tó láti orí ìjókòó. Ní 2024, wọ́n gbé ìdíwọ̀n náà sókè sí ìràwọ̀ mẹ́ta, èyí tí kò bá sì tó bẹ́ẹ̀ ní láti ní kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀. Mo gbà pé òfin náà dára, àmọ́ òfin kì í di bíréèkì mú. Dúró sẹ́yìn lọ́rì náà, kí o jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ.

Mọ́tò kékeré náà ń ṣe irú rẹ̀. Á kọjá lára rẹ, á sì gba iwájú rẹ yà sí òsì lójijì. Ìwé òfin yẹn sọ pé ẹni tó ń lọ tààrà ló ni ọ̀nà, kí ọkọ̀ tó fẹ́ yà dúró dè é. Síbẹ̀, bí o bá ń súnmọ́ oríta, kúrò ní etí títì, bọ́ sí àárín ọ̀nà tìrẹ, kí wọ́n má lè gbìyànjú láti kọjá lára rẹ níbẹ̀. Òfin fún ọ láṣẹ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré, fi ó kéré tán ìdajì mítà sílẹ̀ sí etí títì. Ìwé náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá lára rẹ nínú ìlú fi ó kéré tán mítà kan àbọ̀ sílẹ̀. Wọ́n lè fun fèrè. Jẹ́ kí wọ́n fun ún.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ tàwa ọmọ Nàìjíríà. Láti April 1972 la ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún nílé, ọwọ́ òsì ni tiwọn níbí. Bí o bá fẹ́ já sí ojú ọ̀nà ńlá, ọ̀tún ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti máa ń wá, ojú wa sì máa ń kọ́kọ́ lọ sí òsì. Yíyà sí ọ̀tún ló tún le jù, torí wàá dá ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ kọjá. Bó bá kún jù, sọ̀kalẹ̀, kí o fẹsẹ̀ rìn kọjá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Irin tíráàmù wá kù, tìrẹ gan-an nìyẹn, torí Lọ́ńdọ̀nù kò ní in àfi lápá Croydon. Láti 2014 ni tíráàmù ti ń rìn ní Princes Street, 2023 ni wọ́n fà á gba Leith Walk dé Newhaven, bóyá ojú ọ̀nà rẹ sí ilé ìwé náà nìyẹn. Kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà fẹ̀ tó láti gbé táyà kẹ̀kẹ́ mì. Bí o bá fẹ́ gun orí rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà á wọlé, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò ní yí mọ́, ara rẹ nìkan ló máa tẹ̀ síwájú. Ní 2017, akẹ́kọ̀ọ́ kan kú báyẹn ní ìparí Princes Street: táyà há, ó ṣubú, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì gbá a. Dá irin náà kọjá ní ìbú, bí ẹni fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ya àgbélébùú sórí rẹ̀. Wo ẹ̀yìn kí o tó bọ́ sí ipò, torí wàá nílò àyè láti yí. Má tẹ bíréèkì, má sì yí ọwọ́ nígbà tí táyà wà lórí irin, pàápàá tí òjò bá rọ̀.

Jàǹbá tí ẹnikẹ́ni kò gbá ọ náà pọ̀ o, a kàn kì í gbọ́ nípa rẹ̀ ni. Ewé tó já tí òjò pa, ìdérí gọ́tà onírin, omi dídì láàárọ̀: ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń yọ̀ bí o bá yí lójijì. Bíréèkì iwájú, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n máa ń so ó sí ní Britain. Bí o bá fún un pinpin lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdí kẹ̀kẹ́ á gbéra, ìwọ á sì fò kọjá ọwọ́ rẹ̀. Fi méjèèjì pọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí o sì fa ìdí sẹ́yìn. Nítorí pé àlòkù ni kẹ̀kẹ́ tìrẹ, tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí o tó gùn ún jáde, bóyá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti pa wọ́n dà.

Mo mọ̀ ọ́: o máa ra iṣu, o máa fi láílọ́ọ̀nù rẹ̀ kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Jọ̀ọ́, má ṣe é. Bó bá ń mì, ó máa wọ inú wáyà táyà iwájú, kẹ̀kẹ́ á dúró gbàgà. Dì í mọ́ kárìẹ̀. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì wá kí ọ, má gbé e sórí kárìẹ̀ lásán. O rántí bí a ṣe ń gbé ara wa nílé? O rántí àwọn ọmọ tí wáyà táyà gé ní gìgísẹ̀? Ìjókòó ọmọdé tó ní ibi ìfẹsẹ̀lé wà lọ́jà.

Ní oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin kò ní tíì lù tí oòrùn á ti wọ̀ lọ́dọ̀ yín. Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, òfin ni. Mo fi owó akoto ránṣẹ́ sí ọ lánàá. Rà á ní tuntun.

Bí o bá ti tẹ bíréèkì méjèèjì wò, fi èsì ránṣẹ́ sí mi. Sọ ọ̀nà tí o ń gbà lọ sí ilé ìwé fún mi pẹ̀lú, ká jọ wò ó lórí máàpù lálẹ́ Sunday, bóyá a lè rí ẹ̀yìn àdúgbò kan tí o lè gbà láìdé ibi irin yẹn. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sì sọ fún wọn pé ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti dé.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́