Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ìràwọ̀ Tó Já Lóru Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi.

Àwa tí a jáde gba afẹ́fẹ́ láàárín ìṣọ́-òru ọjọ́ Ẹtì, a jọ rí i ni. Kò sí iná ní gbogbo àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú ọ̀run ṣàdédé mọ́lẹ̀ gbòò láti apá Ìlọrin, iná ńlá kan sì yọ, ó funfun, etí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Òjìji igi máńgòrò inú ọgbà wa sáré gba ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kọjá bí iná náà ṣe ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sí i, ó ti parẹ́. Ẹnì kan ké pe Jésù, gbogbo wa sì dákẹ́.

Ìràwọ̀ tó já là ń pe irú rẹ̀, àmọ́ òkúta ni. Inú òfuurufú tó jìnnà ló ti ń rìn bọ̀ kó tó kó sínú afẹ́fẹ́ ayé wa, eré rẹ̀ sì máa ń ju kìlómítà 11 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Irú eré bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ gbóná débi tí òkúta á fi yọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju hóró iyanrìn lọ. Dáfídì ní àwọn ọ̀run ń sọ̀rọ̀ ògo Ọlọ́run, èmi sì rò pé lóru ọjọ́ náà, ó tọ́ kí á yìn ín, kí á padà sínú àdúrà wa.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ló ń dùn mí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣú, wọ́n ti ní iná àjẹ́ ni, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé màmá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní Apáké ló bọ́ sí. Opó ni màmá yìí, ọmọ ìjọ wa sì ni. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́rú. Ẹ̀kọ kún inú igbá, ewé eéran tí wọ́n fi dì í ti ń gbẹ, àwọn tó máa ń tò síwájú rẹ̀ láàárọ̀ ń gba òdìkejì títì kọjá. Ó bi mí pé, "Pásítọ̀, ṣé ẹ̀yin náà ti gbọ́?" Ẹnu mi wúwo.

Ta ló rí i nígbà tó balẹ̀? Ará Sábó ní ẹ̀yìn Sábó ló bọ́ sí. Àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ní Under G, àdúgbò ìtòsí ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ni. Àbúrò mi pè láti Ọ̀yọ́, ó ní ẹ̀yìn ilé tòun ni! Bí irú iná yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ó sábà máa ń fi kìlómítà 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ilẹ̀ lọ. Ìyẹn ju bí Ọ̀yọ́ ṣe jìnnà sí wa lọ. Ojú ló ń tan olúkúlùkù pé ìtòsí òun ni. (Bí irú rẹ̀ bá tún yọ, ẹ má sáré lọ sójú fèrèsé o. Ní ìlú Chelyabinsk, ní Rọ́ṣíà, ní 2013, ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, àwọn èèyàn lọ wòran lójú gíláàsì, ìbúgbàù dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó lé, gíláàsì sì ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn léṣe.)

Jeremáyà orí kẹwàá, ẹsẹ kejì, kìlọ̀ fún wa pé kí àmì ojú ọ̀run má dààmú wa bó ṣe ń dààmú àwọn kèfèrí. Òfin Mósè náà ní a kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ̀rí èké lẹ jẹ́, ẹ sì fi gba oúnjẹ lẹ́nu opó. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún yín.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la, ọjọ́ Ajé, èmi àti ìyàwó mi yóò wà níwájú igbá Màmá. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ti ní àwọn ń bọ̀. Ẹ mú abọ́ dání. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun wà nínú àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ Màmá kó tó ra ẹ̀kọ.