Rẹ́jísítà ń bo ọmọ tí kì í wá sílé ìwé mọ́lẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò lọ sílé ìwé bá délẹ̀, àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá nìjọba máa ń kà. Ta ló ń ka èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà, tó ní yúnífọ́ọ̀mù, àmọ́ tó jẹ́ pé ìdí àtẹ ìyá rẹ̀ lẹ ó ti bá a ní gbogbo ọjọ́ ọjà?

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ọmọ 40 ló wà ní kíláàsì kan, tí 10 nínú wọn ń bá ìyá wọn lọ sọ́jà ọrún, tí àwọn yòókù ò sì pa ọjọ́ kankan jẹ. Nínú 20 ọjọ́ tí ilé ìwé fi ṣí lóṣù, bí ọjọ́ 5 ni ọjà máa bọ́ sí. Tí olùkọ́ bá ro máàkì wíwá sílé ìwé gbogbo kíláàsì pọ̀, ó lé ní 93 nínú 100! Iye yẹn ló ń lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, wọn á sì ní ilé ìwé náà ń gbìyànjú. Bẹ́ẹ̀ ọmọ 10 ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀kọ́ oṣù náà. Ọjà ọrún ò sì dúró lójú kan: tó bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ẹtì ló tún kàn, lẹ́yìn náà Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Olùkọ́ gan-an kì í tètè fura.

Ibi tí wọ́n ti ń máàkì lójoojúmọ́ nìyẹn o. Mo ti rí rẹ́jísítà tí wọ́n jókòó máàkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, báírò kan náà, láti Ajé dé Ẹtì, àárọ̀ àti ọ̀sán, láìsí òdo kankan, ní ọ̀sẹ̀ tí òjò ò jẹ́ kí ìdajì kíláàsì wá.

Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 2004 ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá òbí tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa lọ sílé ìwé wí. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ti ìyá mọ́lé, ta ni yóò bọ́ ọmọ?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ yéé gba àpapọ̀ nìkan. Kí hẹ́dímásítà máa fi orúkọ ọmọ tó bá pa ọjọ́ 2 jẹ nínú 20 ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá yìí náà ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ń mọ ọmọ tí wíwá rẹ̀ ti ń mẹ́hẹ. Kò gba kọ̀ǹpútà, ewé kan lẹ́yìn rẹ́jísítà tó o. Kí ẹ̀dà kan dé ọwọ́ alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí òun náà sì lọ bá ìyálọ́jà, torí ìyálọ́jà ló mọ ibi tí ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan ń pàtẹ sí.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì kan,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.