Kì í ṣe àṣà sámúráì ló gbé Jàpáànì débi tó wà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní torí pé àwọn ará Jàpáànì ò fi àṣà sámúráì, ìyẹn àwọn jagunjagun wọn àtijọ́, sílẹ̀ ni wọ́n fi lajú, mo kà á tán mo ní háà, ìtàn wo lèyí? Mi ò bú u o, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ ó jọ pé fílímù ló wò.

Àwọn sámúráì yìí ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ará ìlú láyé ìjọba Tokugawa, ìdílé tó ń ṣàkóso Jàpáànì nígbà yẹn, ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1603. Ìrẹsì táwọn àgbẹ̀ ń san bí ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ wọn, bàbá á gbà á, ọmọ á gbà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé ogun ti tán nílẹ̀ tipẹ́, iṣẹ́ akọ̀wé lọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin wá já wọ etí omi wọn ní 1853 ni gbogbo nǹkan dojú rú, nígbà tó fi máa di 1868 ìjọba Tokugawa ti wó. Àwọn tó gbàjọba, sámúráì lọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn yìí kan náà ló wá da iyẹ̀pẹ̀ sí gààrí àwọn ẹgbẹ́ wọn: wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olóyè agbègbè ní 1871, wọ́n kó ọmọ àgbẹ̀ wọṣẹ́ sójà ní 1873, ní 1876 wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé idà kiri mọ́ àfi sójà àti ọlọ́pàá, wọ́n tún gba owó ìjẹun wọn, wọ́n fún wọn ní bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè ìjọba, dípò ẹ̀. Àwọn tínú ń bí dìde ogun ní 1877, Saigo Takamori tó bá wọn gbàjọba gan-an ló ṣáájú wọn, àwọn sójà tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ ló sì nà wọ́n. Àṣà tí wọn ò fi sílẹ̀ dà níbẹ̀?

Ẹ tún wo ilé iṣẹ́ òwú sílíìkì tí ìjọba kọ́ sí Tomioka ní 1872. Wọ́n pe òyìnbó Faransé wá kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n ń wá ọmọbìnrin tó máa ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọmọ ẹ̀ sílẹ̀, torí àwọn èèyàn rí i táwọn òyìnbó ń mu wáìnì pupa, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n ń mu! Àfìgbà tí Odaka Atsutada tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ mú ọmọ tiẹ̀ wá kọ́kọ́ wọṣẹ́ káwọn tó kù tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ sámúráì.

Èyí tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù ni tí òǹkọ̀wé yín ní ìyàwó ń jẹ́ orúkọ ìdílé ọkọ ní Jàpáànì “látayébáyé”. Ayé wo? Láyé Tokugawa, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àgbẹ̀ àtàwọn oníṣòwò ò tiẹ̀ láṣẹ láti máa pe orúkọ ìdílé kankan ní gbangba, 1875 ni ìjọba fi tipátipá ní kí gbogbo èèyàn ní ọ̀kan, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ìjọba kan náà tún pàṣẹ pé orúkọ ilé bàbá ẹ̀ ni ìyàwó á máa jẹ́ lọ. Òfin 1898 ló wá ní kí gbogbo ará ilé jẹ́ orúkọ kan lábẹ́ olórí ilé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, obìnrin dìbò ní 1946, wọ́n sì yan 39 nínú wọn sílé aṣòfin, wọ́n pa agbára olórí ilé rẹ́, wọ́n ní kí tọkọtaya mú orúkọ èyí tó bá wù wọ́n nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́, ó sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ló ń yí tiẹ̀ padà ṣáá. Àwọn kan gbé e lọ sí kóòtù tó ga jù, ní 2015 àti 2021 kóòtù ní òfin náà ò ta ko ìwé òfin ilẹ̀ wọn, wọ́n ní káwọn aṣòfin lọ bójú tó o. Àwọn tí ò fẹ́ kí wọ́n yí i padà ń pariwo àṣà, àṣà, nígbà tó jẹ́ pé rélùwéè ti ń gbérò láti Tokyo lọ sí Yokohama fọ́dún 26 kí òfin 1898 yẹn tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi òǹkọ̀wé yín pé nínú gbogbo èyí, èwo gan-an làṣà sámúráì tó ń wí.

Èmi òǹkàwé yín, láti Ìbàdàn.